Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Lẹ́nu Bàbá Àwo

Aṣọ ilé-ìwé nìkan ni Ìyá Aránṣọ máa ń rán. Ẹni tó bá gbé aṣọ ìyàwó tàbí aṣọ òde wá bá a, á ní kí onítọ̀hún má bínú, ọwọ́ òun le jù fún aṣọ yẹ̀ríyẹ̀rì. Aṣọ tí ọmọ yóò wọ̀ tí yóò fi ṣubú lórí sìmẹ́ǹtì tí orúnkún rẹ̀ kò ní ya, tí yóò wọ̀ ọ́ títí yóò fi kéré fún un, tí àbúrò rẹ̀ yóò tún jogún rẹ̀, ìyẹn lòun mọ̀ ọ́n rán. Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀, ọ̀kan fún rírán, ọ̀kan fún wíwé etí aṣọ. Wọ́n kọjú síra wọn bí àgbà méjì tó ń jiyàn, ìró wọn kì í sì í dákẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọkọ rẹ̀ náà ní ìró tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ omi ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi lọ sínú táǹkì gbogbogbò. Etí ló fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Yóò jókòó ti ẹ̀rọ, bí ohùn rẹ̀ bá ti yí padà díẹ̀ báyìí, á ti mọ ibi tó ń dùn ún. Nígbà tó wá fẹ̀yìn tì, ilé dákẹ́ jù fún un. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ ń hó òun létí. Ló bá lọ ra àwo sátẹ́láìtì kan, ó gbé e sórí òrùlé. Kò pẹ́ tó fi ra ìkejì, ó kọ ọ́ sí ìhà mìíràn, nítorí ó gbọ́ pé àwọn bọ́ọ̀lù kan wà tí àwo àkọ́kọ́ kò lè rí. Ọjọ́ tí ẹ̀kẹta dé, ìyàwó rẹ̀ dúró sí àárín àgbàlá, ó gbójú sókè, ó ní:

"Àwo ńlá mẹ́ta lórí òrùlé, kò sì sí èyí tó gbé oúnjẹ rí nínú wọn."

"Oúnjẹ ojú ni," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn látòkè.

"Ojú kì í yó, Bàbá Àwo. Ẹ máa bọ́ ọ lọ."

Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Gbogbo àdúgbò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àlejò tí kò gbọ́ ọ dáadáa máa ń rò pé ẹgbẹ́ awo kan ni bàbá náà ń ṣe, òun náà á sì rẹ́rìn-ín. "Àwo ni, kì í ṣe awo. Èmi ò ní àṣírí kankan. Ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí gbogbo rẹ̀."

Ohun tó ń fi wọ́n ṣe ni pé bí bọ́ọ̀lù méjì bá bọ́ sí wákàtí kan náà, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi bó bá mú méjèèjì. Yóò máa wo ọ̀kan, rekọ́dà yóò máa gba èkejì sílẹ̀. Ẹ̀yìn tẹlifíṣàn kún fún wáyà bí ìfun ẹran. Kí wáyà má baà dàrú mọ́ ọn lójú, ó máa ń tọrọ àjákù aṣọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, á so àwọ̀ ewé mọ́ wáyà àwo kìíní, á so búlúù mọ́ ti ìkejì, á so kákí mọ́ ti ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá wà níbi iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù á yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

"Bàbá Àwo, ṣé ẹ bá wa gbà á sílẹ̀?"

"Ó wà nílé, ó ń retí yín."

Ohun tí kò fẹ́ gbọ́ láéláé ni iye góòlù bọ́ọ̀lù tí kò tíì wò. Ìyá Aránṣọ a sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníbàárà. Á yọjú sí yàrá, á ní, "Ṣé kí n sọ?" Àgbàlagbà ọkùnrin á ki ìka bọ etí méjèèjì bí ọmọdé, á máa pariwo pé, "Aránṣọ, má ṣe é! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́!" Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Eré tí wọ́n ń bá ara wọn ṣe lójú ogbó nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ìyàwó léèrè nígbà náà, kò ní sọ pé òun láyọ̀, á kàn sọ pé wáyà ti gba ilé mọ́ òun lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìjì jà, ó sì yí ojú àwo ìkejì padà. Òrùlé ilé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi dá a, àtẹ̀gùn irin sì wà lẹ́yìn ilé. Bàbá Àwo gun òkè. Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó lọ dúró níwájú tẹlifíṣàn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa pariwo bí àwòrán bá dé.

"Ó ti dé?"

"Rárá o!"

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó dé, ó tún lọ! Ẹ dá a padà díẹ̀! Ẹ dá a padà, mo ní!"

Ojú tẹlifíṣàn ṣẹ́ fìrìfìrì, àwòrán sì dúró kedere, koríko pápá ìṣeré ń tàn yọ̀ọ̀.

"Ó ti dé!"

Kò gbọ́ èsì.

"Mo ní ó ti dé! Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ kí oúnjẹ yín má tutù!"

Nígbà tó gòkè lọ, ó bá a tó jókòó sílẹ̀, ó fara ti irin àwo náà. Ojú rẹ̀ là. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, itọ́ sì ń ṣàn gba ibẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì di sípánà mú.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni, bí dókítà ṣe wí. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ohùn sì lọ. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn títí wọ́n fi sọ pé ohun tó kù di ti ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa na iṣan aláìsàn, kí wọ́n tún máa kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń rìn àti bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Obìnrin kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Onífisíò, ló bá wọn dé ilé. Ó wo yíká, ó bi ìyàwó léèrè ohun tí bàbá fẹ́ràn jù lọ.

Ìyá Aránṣọ tọ́ka sókè òrùlé.

"Ẹ máa fi hàn án," ni Onífisíò sọ. "Ẹ jẹ́ kí ó máa gbọ́ ọ. Ọpọlọ dà bí ọ̀nà tí igbó bò, mà. Bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ọ̀nà lè tún là."

Gbólóhùn yẹn ni obìnrin náà dì mú bí ẹni tó rì sódò tó rí ẹ̀ka igi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń gbé ibùsùn bàbá wọ pálọ̀, àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ti fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, gbogbo wáyà sì já jáde. Ìyá Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn. Ó rí àjákù aṣọ tí ọkọ rẹ̀ so mọ́ wọn, ó sì mọ ilé-ìwé tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó mọ ọdún tó rán an pàápàá. Ibi tí wáyà ń lọ ni kò mọ̀. Ó gbé èyí aláwọ̀ ewé sókè síwájú ọkọ rẹ̀. "Ṣé ibí yìí ni? Ẹ ṣẹ́jú fún mi bó bá jẹ́ ibí yìí ni." Ọkọ rẹ̀ ṣẹ́jú. Ó fi í síbẹ̀, òkùnkùn ló wà lójú tẹlifíṣàn. Ó gbé e síbòmíràn. Ọkọ rẹ̀ tún ṣẹ́jú. Ó wá yé e pé ṣíṣẹ́ tí gbogbo ojú ń ṣẹ́ lásán ni.

Ló bá ránṣẹ́ pe Oníwáyà, ọkùnrin kan tó ń tún iná ṣe ládùúgbò, tó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Bàbá Àwo ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá ojú sátẹ́láìtì. Oníwáyà kí bàbá lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó pẹ́ kó tó dìde. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó ti Ìyá Aránṣọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá, etí ni kí ẹ pe àwo. Ìhà tó bá kọ sí nìkan ló ń gbọ́. Ohun tó yọ síwájú rẹ̀ bí imú yẹn là ń pè ní ojú rẹ̀. Inú ojú ni wáyà ti ń bọ̀ wá sínú dikódà, àpótí tó ń sọ ọ́ di àwòrán."

"Ṣé kí n wá kó wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ihò kan náà?"

"Háà, ẹ ó dáná sun wọ́n! Orogún ni wọ́n, wọn ò lè gbé yàrá kan. Ẹ̀rọ kékeré tó wà láàárín wáyà àti dikódà yìí ni baálé wọn. Bí dikódà bá pe ìyàwó àgbà, baálé á ṣílẹ̀kùn fún un, á ti àwọn tó kù mọ́ta."

Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìjì. Ó bojú wo ibùsùn bóyá ọkọ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ẹnu tó wọ́ kò jẹ́ kí èèyàn lè mọ̀.

"Bí mo bá fẹ́ kí wọ́n máa wo ọ̀kan, kí rekọ́dà máa gba òmíràn sílẹ̀ ńkọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é?"

"Ìyẹn gba ojú oníhò méjì. Wáyà kan á lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wò, ìkejì á lọ sínú rekọ́dà. Ìyá, iye wáyà tó bá wọlé ni iye ohun tí ẹ lè mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ọgbọ́n míì níbẹ̀."

Aránṣọ ni obìnrin náà, iṣẹ́ ọwọ́ kì í sì í pẹ́ yé aránṣọ. Kí oṣù tó yí po, ó ti ń bó orí wáyà láìjẹ́ kí okùn inú rẹ̀ ṣẹ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dá àkókò fún rekọ́dà kó lè dìde fúnra rẹ̀ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nígbà tí èèyàn ń sùn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń pa àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè wà fún tuntun. Bí òjò bá rọ̀, òun ni yóò gun àtẹ̀gùn irin lọ nu ojú àwo. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Àwo, wọ́n rò pé àwàdà náà á mú inú rẹ̀ dùn. Ó máa ń dá wọn lóhùn.

Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni tẹlifíṣàn ń pariwo níwájú ibùsùn ọkùnrin náà. Ìyàwó á fún un ní tíì pẹ̀lú ṣíbí, á máa sọ ohun tó ń lọ fún un bí ẹni pé afọ́jú ni. "Ẹ wò ó, ẹ wò ó! Ó ti gbá a wọlé! Ẹ rí aláìlójútì yẹn tó ń bọ́ ẹ̀wù?" Omi á sì bọ́ lójú Bàbá Àwo. Àwọn obìnrin tó wá kí wọn ní ayọ̀ ni. Òun náà gbà pé ayọ̀ ni. Bó bá kérora, á yí i sí àwo mìíràn. Bó bá kérora sí i, á fi kún ohùn rẹ̀, nítorí ó rò pé etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn alẹ́, nígbà tó bá ti fi aṣọ bò ó, á gbé rìmóòtù, á sọ ohun kan náà tó ń sọ lójoojúmọ́: "Ó tó báyìí. Ẹ jẹ́ n pa á, kí ẹ lè sùn."

Nígbà tí kò rí ìyàtọ̀, ó rò pé ohun tí òun ń ṣe ni kò tíì tó. Ọkọ òun kì í wo bọ́ọ̀lù kan nígbà tára rẹ̀ yá, méjì ló máa ń mú. Ó ta ẹ̀rọ tó ń wé etí aṣọ, ó ra tẹlifíṣàn kejì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́, kí ojú bàbá lè máa ti ọ̀kan bọ́ sí ìkejì. Ọwọ́ ló wá ku tó fi ń wé etí aṣọ. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í yá. Àwọn òbí tó ń dúró de aṣọ ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibòmíràn lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tijú bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ń ta oògùn ní ilé ìtajà kan nílùú mìíràn. Ó wá kí wọn ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó jókòó ti ibùsùn bàbá rẹ̀, ó ń bó ọsàn. Tẹlifíṣàn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá rẹ̀ sì ń fi abẹ́rẹ́ rán kọ́là aṣọ kan lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá ní, "Pa á."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. "Màámi! Bàámi sọ̀rọ̀!"

Ìyá ti dé ìdí ibùsùn kó tó parí rẹ̀. "Kí ni wọ́n wí? Ẹ tún un sọ, ọkọ mi. Ẹ tún un sọ!"

"Pa á."

Ó mọ́ ketekete. Ohùn rẹ̀ ni, ó kàn rẹlẹ̀ díẹ̀ ni. Ìyá Aránṣọ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó yí po nínú pálọ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún, ó ń pe àwọn aládùúgbò láti ojú fèrèsé. Ọmọ rẹ̀ ló dì í lápá.

"Màámi, wọ́n ní kí ẹ pa á. Tẹlifíṣàn."

"Àbí? Ó dáa, ó dáa. Èwo ni kí n pa nínú wọn?" Ó pa ọ̀kan.

"Pa á."

Ó pa ìkejì.

Ilé dákẹ́. Ẹ̀rọ omi tó wà lágbàálá ń kán tó, tó, lórí korobá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń jò. Ìyá Aránṣọ dúró pẹ̀lú rìmóòtù méjì lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀ bí omi tútù. Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yìí kérora, tí òun sì fi kún ohùn rẹ̀. Gbogbo omi ojú tí àwọn èèyàn pè ní ayọ̀. Ẹni tí kò lè dìde kúrò níbẹ̀, tí ọwọ́ kan tó kù fún un kò lè di etí méjèèjì, òun gbé ariwo méjì kọ́ ọ lójú, òun tún ta ẹ̀rọ òun kí ariwo náà lè tó.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn rẹ̀, mo rò pé..."

"Pa á," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Mo ti pa á. Ẹ wò ó, ojú wọn ti dúdú."

"Pa á."

Ọmọ dìde, ó pa fáànù. Bàbá tún wí i. Ó pa iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni. Bàbá tún wí i. Kò sí ohun tó kù nínú yàrá náà tí èèyàn tún lè pa, àfi ohun tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ. Ìyá wo ọmọ, ọmọ wo ilẹ̀. Olúkúlùkù mọ ohun tí èkejì gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

"Wọn ò sọ pé 'pa mí'," ni ọmọ sọ. "Màámi, ẹ má gbọ́ ọ báyẹn. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ."

Nígbà tí Onífisíò dé, ó yọ kọ́ọ̀pù, ó gbé e síwájú bàbá. "Kí lèyí, bàbá?"

"Pa á."

Ó yọ kóòmù. "Èyí ńkọ́?"

"Pa á."

Ó fọwọ́ lé èjìká Ìyá Aránṣọ. "Ta lèyí?"

Bàbá Àwo wo ojú ìyàwó rẹ̀ pẹ́. Ètè rẹ̀ ń wá nǹkan. Èèyàn lè rí i tó ń wá a, bí ẹni tó ń fọwọ́ tálẹ̀ nínú òkùnkùn. Iṣan ọrùn rẹ̀ le gírígírí.

"Pa á," ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Onífisíò pe ìyá sí ìta. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí lára àwọn tí àrùn yìí kọlù. Nígbà mìíràn, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí èèyàn ní, ẹyọ kan ṣoṣo ló máa ń kù, òun ló sì máa ń jáde fún ohun gbogbo. Ẹni tó fẹ́ omi á sọ ọ́, ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ á sọ ọ́.

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ìyẹn ló kù?"

"A kì í mọ̀, mà. Ó lè jẹ́ ohun tí etí wọn ń gbọ́ jù."

Ìyá Aránṣọ fara ti ògiri. *Ẹ jẹ́ n pa á, kí ẹ lè sùn.* Alẹ́ wo ni kò sọ ọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òun fúnra òun ni ọkọ òun ń dá padà fún òun.

"Ṣé wọ́n fẹ́ kí n pa tẹlifíṣàn, àbí wọn ò fẹ́? Ìyẹn nìkan ni kí ẹ sọ fún mi."

"Mi ò mọ̀, Ìyá. Mi ò lè purọ́ fún yín."

"Ohun kejì ńkọ́?"

Onífisíò kò bi í pé kí ni ohun kejì. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú díẹ̀, ó sì lọ.

Láti ìgbà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Bó bá tan tẹlifíṣàn, ọkọ rẹ̀ á sunkún, á ní pa á. Bó bá pa á, á tún sunkún, á tún ní pa á. Ó gbìyànjú àwòrán láìsí ohùn, ó gbìyànjú ohùn láìsí àwòrán. Á tẹ̀ síwájú ojú rẹ̀, á máa wá ìyàtọ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa òwú dúdú kúrò lára òwú búlúù nínú ilé tí kò níná. Lọ́jọ́ kan á dá a lójú pé ìdákẹ́jẹ́ ló tù ú lára. Lọ́jọ́ kejì á rántí ọkùnrin tó sọ pé ìdákẹ́jẹ́ ń hó òun létí, ọkàn rẹ̀ á sì dàrú. Oníwáyà yà wá, ó ní òun rí i láti ìta pé ìjì ti tún yí àwo ìkejì kúrò lójú ọ̀nà, ṣé kí òun gòkè. Obìnrin náà ní kó bi ẹni tó ni ín. Oníwáyà lọ dọ̀bálẹ̀ sídìí ibùsùn.

"Bàbá, ṣé kí n lọ tún un ṣe?"

Ó gbọ́ èsì tí gbogbo ayé ń gbọ́. Ó dìde, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì gun òkè. Láti ọjọ́ yẹn, "Kò sí àwòrán" ni tẹlifíṣàn ń kọ bí wọ́n bá yí i sí àwo náà.

Ohun kan wà tí Ìyá Aránṣọ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń pààrọ̀ àpò ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀ lọ́sàn-án kan. Ó ti bọ́ èyí tó dọ̀tí, ó ti wọ èyí tó mọ́, ó sì gbé ìrọ̀rí náà dání. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó. "Pa á," ló ní, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, tàbí bí ẹni tó ń kíni. Nígbà tí obìnrin náà máa fi mọ̀, apá ti ń ro ó, ìrọ̀rí sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ bí ó ti ṣe pẹ́ tó lórí ìdúró. Ó gbé orí ọkọ rẹ̀ sókè, ó ki ìrọ̀rí sábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn irin nínú oòrùn gangan.

Ó ta tẹlifíṣàn kejì. Kò rí ẹ̀rọ rẹ̀ rà padà. Onífisíò ní àwọn aláìsàn mìíràn, ó máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó yá kò wá mọ́. Àwọn tó ń yà wá béèrè bọ́ọ̀lù kò yà mọ́, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn kí òun káàbọ̀. Ọmọ ní kí àwọn méjèèjì kó wá sọ́dọ̀ òun. Ìyá bi í pé yàrá mélòó ló ní, ọmọ sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ó máa ń pè ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn tí òun àti ìyá rẹ̀ bá ti kí ara wọn, á ní kí wọ́n gbé fóònù sí bàbá òun létí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pè, ìyá sì gbé e síbẹ̀. Ohùn ọmọ ń jáde wínníwínní.

"Bàámi, èmi ni. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé ẹ ti jẹun? Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ń rò yín..."

"Pa á," ni bàbá rẹ̀ wí.

Kò sí ohùn mọ́. Ìyá Aránṣọ gbé fóònù sí etí ara rẹ̀, ó ní, "Àlóò? Ṣé o wà ńbẹ̀?" Ọmọ ti gé e. Ó lè jẹ́ ẹkún ló mú un. Ó lè jẹ́ pé ó rò pé ohun tí bàbá òun fẹ́ gan-an nìyẹn. Ìyá rẹ̀ dúró bóyá á tún pè. Ó dúró títí ojú fóònù fi ṣókùnkùn.

Ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́ fóònù náà, ètè rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀. Obìnrin náà kò dúró gbọ́ ọ. Ó gbé fóònù sójú fèrèsé, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó lọ bu omi gbígbóná tó fẹ́ fi wẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.